Wọ́n Bá A Ṣọ̀fọ̀ Ìyá Tó Wà Láàyè

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìtàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì na ìka sí Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, àárẹ̀ sì máa ń gbé ọ̀rọ̀ sí èèyàn lẹ́nu tí ìkà pàápàá ò ní gbé sí i.

Kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́, àwọn tó jẹ́ pé bí ó bá ní kí wọ́n kọ “a”, wọ́n á ya ẹyin. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti wà nílé ọkọ, lọ́nà jíjìn. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé.

Ìyá yìí ti ń gbàgbé. Ó bẹ̀rẹ̀ bí eré: ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, orúkọ aládùúgbò. Nígbà tó yá, ó di pé ó ń fi sálúbàtà sínú ìkòkò, ó ń bọ́ aṣọ lójúde. Ó ń bèèrè ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì sọ fún un pé ọkọ náà ti kú, á sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Tíṣà fúnra rẹ̀ ti di ọmọ-ọ̀dọ̀ lójú ìyá tó bí i.

“Ìwọ ọmọ yìí, ta ló gbà ọ́ síṣẹ́?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá.”

“Mo ṣìṣe.”

Ọ̀rọ̀ náà pa á lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí ọdún ń gorí ọdún, kò pa á lẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ní àbúrò obìnrin kan, onídìrí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní òdìkejì ìlú. Onídìrí máa ń wá lọ́jọ́ Àìkú. Á bá Màmá fọ irun, á dì í ní kóló, á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á sì sáré lọ.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà gbìyànjú láti sọ ọ́.

“Àbúrò mi, ó rẹ̀ mí o.”

Onídìrí bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin tíṣà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba hólidé ju ọmọ iléèwé lọ! Ẹ wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti àárọ̀ dalẹ́ kẹ́ ẹ wá mọ ohun tó ń jẹ́ àárẹ̀.”

Tíṣà bá a rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni gbé egungun ẹja mì. Kò tún sọ ọ́ mọ́.

Ní òpin táàmù yẹn, nínú yàrá àwọn olùkọ́, ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó ń bó ẹ̀pà jẹ.

“Ibo lẹ ń lọ ní hólidé yìí?” Tíṣà bi í.

“Ìlú wa ni, ní erékùṣù.”

“Háà, ibi táwọn olówó ti ń lọ wẹ̀ lókun!”

“Apá kejì nìyẹn,” ọkùnrin náà dáhùn. “Apá ibi tí òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá wà, tí orin ń dún. Ẹ̀yìn erékùṣù ni tiwa. Àwọn tó ń wá fàájì kì í débẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ wá ṣe? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ariwo gan-an ò sí níbẹ̀. Bí èèyàn bá jókòó, ó jókòó náà nìyẹn.”

Ohun tí ọkùnrin yẹn fi ń bú ìlú rẹ̀ ni Tíṣà gbé lọ sílé bí ẹni gbé oyin. *Bí èèyàn bá jókòó, ó jókòó náà nìyẹn.* Ó ń fọ ẹsẹ̀ Màmá, ó ń rò ó. Ó ń yọ sálúbàtà nínú ìkòkò, ó ń rò ó.

Kó tó di ọjọ́ Àìkú, ó ti to irọ́ rẹ̀.

“Wọ́n pè wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́,” ló sọ fún Onídìrí. “Ìlànà tuntun tí wọ́n fẹ́ ká máa fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni. Ó pọn dandan.”

Onídìrí di orí mú. “Nínú hólidé? Àwọn èèyàn yìí ò láàánú. Ta ló máa wà lọ́dọ̀ Màmá?”

“Ìwọ ni mò ń wò.”

“Ṣọ́ọ̀bù mi ńkọ́, Àǹtí mi?”

“Iṣẹ́ ló pè mí.”

Bí ó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, láìmira. Onídìrí wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ó dáa. Iṣẹ́ ò ṣe é kọ̀.” Ó gbé báàgì rẹ̀ wọlé, ó kan páálí mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: a ń bọ̀ láìpẹ́.

Nínú ọkọ̀ ojú omi, Tíṣà jókòó sáàárín àwọn èèyàn tó dé fìlà etí gbígbòòrò, tí wọ́n ń fi fóònù ya ara wọn. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, gbogbo wọn rọ́ sínú àwọn bọ́ọ̀sì aláràbarà tó ń lọ sí apá ibi òtẹ́ẹ̀lì. Ọkọ̀ kan ṣoṣo, kékeré, tí wọ́n fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀, ló ń lọ sí ẹ̀yìn erékùṣù. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ wò ó tìyanu-tìyanu.

“Ṣé ẹ ò ṣìnà, ẹ̀gbọ́n?”

“Mi ò ṣìnà.”

“Ẹ wọlé nígbà náà. Ẹ di ilẹ̀kùn yẹn mú o. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ẹ̀yin àti òun lẹ jọ ń lọ.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìlú náà rí bí ọkùnrin yẹn ṣe júwe rẹ̀. Títì kan ṣoṣo, iyanrìn bò ó. Àwọ̀n ẹja ló wà lórí ọgbà gbogbo ilé. Ewúrẹ́ sùn sí àárín ọ̀nà, ọkọ̀ ló yà fún un. Ṣọ́ọ̀bù kan wà tó ń ta búrẹ́dì, ọṣẹ àti ìwọ̀ ẹja. Ó ń ṣí nígbà tó bá wu ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn àwọn igi fúrúùtù, òkun wà níbẹ̀ gbalasa, kò sí ẹnì kan létí rẹ̀ àfi ọkọ̀ apẹja mẹ́ta tí wọ́n dojú wọn dé.

Ilé àlejò náà jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré tí iyọ̀ òkun ti jẹ ọ̀dà ara rẹ̀. Opó kan tó ti dàgbà díẹ̀ ló ni ín, gbogbo ìlú ń pè é ní Màmá Àlejò. Ó mú Tíṣà gòkè, ó ṣí fèrèsé, afẹ́fẹ́ òkun gbé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sókè bí aṣọ ìyàwó.

“Kò sí tẹlifíṣọ̀n o,” ó wí. “Àwọn ihò iná tó wà lókè yìí náà ti kú. Orí káńtà mi nísàlẹ̀ la ti ń ṣáàjì fóònù. Ṣé ẹ lè fara dà á?”

Tíṣà fẹ́ dáhùn pé òun lè fara dà á. Ẹkún ló gba ẹnu rẹ̀. Ó kàn mi orí.

Ó sùn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ tó máa yé yín. Ó sùn bí òkúta ṣe ń sùn nísàlẹ̀ odò. Ó jí, ó jẹ búrẹ́dì àti ẹyin, ó wo òkun, ó tún sùn. Kò sẹ́ni tó pè é. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Nígbà tó ń fọ ojú rẹ̀, ó rí i nínú dígí pé ojú náà ti fẹ́ jọ tirẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun àti Màmá Àlejò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń mu tíì. Obìnrin náà fẹ́ràn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í fipá wọ inú ẹni.

“Bàbá ńkọ́?” ó bi í.

“Wọ́n ti kú tipẹ́.”

“Ìyá ńkọ́?”

Ìbéèrè kékeré. Ohun tó yẹ kí Tíṣà sọ ni pé, “Wọ́n wà, ara wọn ni ò fi bẹ́ẹ̀ le.” Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó máa tẹ̀lé e: “Kí ló ń ṣe wọ́n? Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn báyìí?” Ó ronú kan gbogbo àlàyé náà, bó ṣe gùn tó, bó ṣe wúwo tó. Kò lágbára rẹ̀.

“Àwọn náà ti lọ,” ó wí.

“Lọ síbo?”

“Wọ́n ti kú.”

Ọ̀rọ̀ náà jáde bí ikọ́. Ohun tó sì dẹ́rù bà á ni pé ara rẹ̀ fúyẹ́. Èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bíi pé ẹnì kan gba ẹrù lórí rẹ̀.

Màmá Àlejò gbé ife sílẹ̀. “Háà! Ìgbà wo?”

“Kò tíì pẹ́.”

Irọ́ kì í dá rìn. Ó máa ń fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

“Mo mọ̀!” obìnrin náà ní, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. “Ọjọ́ tẹ́ ẹ dé ni mo ti mọ̀. Mo sọ fún aránṣọ òdìkejì pé obìnrin yìí kò wá ṣeré, òkú ló sin. Ẹ kú ìrọ́jú, ọmọ mi. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè.” Omi bọ́ lójú rẹ̀, omi gidi.

Tíṣà fẹ́ sọ pé, “Rárá, Mà, ẹ má sunkún.” Ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin náà gbóná, ó rọ̀, ó sì pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti di ọwọ́ rẹ̀ mú láìjẹ́ pé ó fẹ́ kó mú òun lọ sí ilé ìwẹ̀.

Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo ìlú ti gbọ́. Ìlú tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ ò mọ̀ pé nǹkan kékeré ló máa ń kún un?

Apẹja àgbàlagbà kan gbé ẹja wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà. “Mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ,” ó ní. “Ẹja rèé.” Aránṣọ òdìkejì gbé tìmùtìmù wá fún un kó máa fi jókòó. Àwọn obìnrin méjì mìíràn wá, wọ́n jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ọmọdé tó ń gba bọ́ọ̀lù níwájú ilé, wọ́n lé wọn lọ sí apá ibòmíràn. “Ẹ dákẹ́ ariwo! Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ọlọ́fọ̀ wà níbí ni?”

“Irú èèyàn wo ni Màmá?” aránṣọ bi í.

Tíṣà ya ẹnu, ó rò pé irọ́ ló máa tún jáde. Òótọ́ ló jáde.

Ó ní bàtà ni ìyá òun ń tà. Ó ní ó mọ súfèé fọn ju ọkùnrin lọ. Ó ní bí wọ́n bá ń ta lúdò, ìyá òun á máa ṣe màgòmágó, bí wọ́n bá mú un, á ní, “Ìyá yín ni mo jẹ́, ọgbọ́n ni mò ń kọ́ yín.” Ó ní nígbà tí owó ọkọ̀ kò sí, ìyá òun lọ kọ́ kẹ̀kẹ́, àgbàlagbà obìnrin, kó lè máa gbé òun àti àbúrò òun lọ síléèwé, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já sí gọ́tà. Ìyá òun dìde, ẹrẹ̀ bò ó látòkè délẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, “Ta ló gbé gọ́tà síbí?”

Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dẹ́kun, ó di ẹkún, ẹkún náà kò sì ṣe é dá dúró. Torí obìnrin oníkẹ̀kẹ́ yẹn, ó ti lọ lóòótọ́. Ó ti lọ díẹ̀díẹ̀, lójú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kí i kú ọ̀fọ̀ rí.

Òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kù nílé wà láàyè, ó ń jẹun, ó ń sùn, ẹlòmíràn ló sì ń fọ aṣọ rẹ̀.

Tíṣà mọ̀ pé ó yẹ kóun máa lọ. Ọ̀sẹ̀ ti ń parí. Ó gbé fóònù lórí káńtà, ó rìn lọ sábẹ́ igi fúrúùtù, ó pe àbúrò rẹ̀.

“Àbúrò mi, wọ́n ti fi ọjọ́ díẹ̀ kún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí o.”

“Àǹtí mi, ẹ ṣàánú mi. Iṣẹ́ irun ìyàwó tí mo gbà ti ku ọ̀la. Òun ni iṣẹ́ ìyàwó àkọ́kọ́ tí ṣọ́ọ̀bù mi máa ṣe. Ẹ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀.”

“Ọ̀gá ò gbà.”

“Màmá ò jẹ́ kí n sùn. Ó ń pè mí ní olè. Ẹ̀gbọ́n mi, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?”

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu níbẹ̀ yẹn. Tíṣà ì bá wọlé. Ì bá ní, “Mi ò mọ bí mo ṣe ń ṣe é mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi sá.” Ṣùgbọ́n Màmá Àlejò ń juwọ́ sí i láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé oúnjẹ ti jinná.

“Fún un ní omi gbígbóná mu,” ó ní. “Mo ń bọ̀ láìpẹ́.” Ó pa fóònù.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ ìyàwó náà, àwọn apẹja fẹ́ fa àwọ̀n ńlá, wọ́n sì ní kí Tíṣà wá wò ó. Ó fi fóònù sílẹ̀ lórí káńtà, ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ sínú iyanrìn. Wọ́n fún un ní okùn mú. Òun náà fà á pẹ̀lú wọn, omi lù ú dé orúnkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nìyí, bí wọ́n ṣe wá sọ fún un.

Onídìrí ti fi Màmá sọ́dọ̀ aládùúgbò, ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti dé ààbọ̀ orí ìyàwó nígbà tó rántí oògùn Màmá: ṣé kó tó jẹun ni àbí lẹ́yìn oúnjẹ? Ó fi èjìká gbá fóònù mọ́ etí, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú irun.

Fóònù náà dún títí lórí káńtà. Màmá Àlejò wò ó, ó rí i: Àbúrò Mi. Ó ṣàánú ẹni tó ń pè. Ó gbé e.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àbúrò Tíṣà. Wọ́n lọ sí etí òkun. Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá.”

“Màmá wo?”

“Màmá yín tó kú. Ọlọ́run á tu gbogbo yín nínú.”

Ẹ fi ara yín sí ipò Onídìrí. Ó ti fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń túfọ̀ òkú fún. Kí ló tún fẹ́ rò? Ìyarun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó yíjú, “Àǹtí, kí ló dé?” Onídìrí jáde láìwọ bàtà, ó ń sáré lójú títì, ó ń ké, “Mo pa á! Èmi ni mo pa á!” Àwọn èèyàn ń yà fún un.

Nígbà tó já wọ àgbàlá aládùúgbò, ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń jẹ ọsàn, omi ọsàn ń ṣàn lágbọ̀n rẹ̀.

Onídìrí wó lulẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Kí ló ń ṣe obìnrin yìí?” Màmá béèrè. “Ẹ fún un ní ọsàn.”

Ní etí òkun, wọ́n bun Tíṣà ní ẹja. Ó ń bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́, aṣọ rẹ̀ tutù, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá iyanrìn. Ó rí Màmá Àlejò tó dúró níwájú ilé. Aránṣọ náà dúró. Wọn ò kí i.

“Ẹ wo ẹja yìí!” ó pariwo.

Màmá Àlejò na fóònù sí i. “Àbúrò yín pè. Ó pè lẹ́ẹ̀mejì.” Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Ó ní kí n sọ fún yín pé ìyá yín ń jẹ ọsàn.”

Ẹja bọ́ lọ́wọ́ Tíṣà.

Fóònù náà tún dún nínú ọwọ́ rẹ̀. Kò lè ṣàìgbé e, àwọn obìnrin méjèèjì ń wò ó.

“Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ wà?”

Tíṣà fi ọwọ́ bo fóònù, ó yí ẹ̀yìn sí òkun.

“Mò ń gbọ́ ìgbì omi. Ṣé inú omi ni wọ́n ti ń dá yín lẹ́kọ̀ọ́?”

“Àbúrò mi…”

“Ẹ pa ìyá mi. Ìyá mi ò tíì kú, ẹ sì pa á, ẹ tún ń gba àwọn èèyàn lálejò lórí rẹ̀.” Onídìrí kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. “Nǹkan ti gé mi lẹ́sẹ̀. Ìyàwó yẹn ṣì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ààbọ̀ orí. Ẹ máa sinmi, Àǹtí mi. Ẹ sinmi dáadáa.”

Ó pa fóònù.

Tíṣà gbójú sókè. “Mà, mo lè ṣàlàyé.”

“Mo bá yín sunkún,” Màmá Àlejò dá a dúró. “Omijé tí mi ò tíì sun tán fún ìyá tèmi ni mo sun fún yín. Mi ò lè gbà á padà, ẹ̀yin náà ò sì lè san án. Ẹ lọ di ẹrù yín.” Ó wọlé. Aránṣọ náà gbé tìmùtìmù rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù, ó sọdá.

Nígbà tí Tíṣà ń dúró de ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọdé ti padà síwájú ilé, wọ́n ń gba bọ́ọ̀lù, wọ́n ń pariwo bí ẹyẹ. Ìgbà náà ló tó yé e pé ìlú náà kì í dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń bá a dákẹ́ ni.

Nílé, Onídìrí ti di báàgì rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ó fi báńdéèjì wé ẹsẹ̀.

“Ẹ̀ bá sọ pé ó rẹ̀ yín,” ó ní. “Ẹ̀ bá kàn sọ ọ́.”

“Mo sọ ọ́ rí. O rẹ́rìn-ín.”

Onídìrí dúró. Ó wo ilẹ̀. “Mo rẹ́rìn-ín?”

“O ní mo ń gba hólidé ju ọmọ iléèwé lọ.”

“Bóyá mo rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ pa á.”

“Rárá. Kò ní.”

“Àwọn ará ilé ìyàwó ti sọ ọ́ káàkiri pé wèrè ni mí. Oníbàárà tó kù sí mi lọ́wọ́ ò tó nǹkan.” Ó gbé báàgì rẹ̀. Kò dágbére.

Tíṣà lọ sílé àwọn ìyàwó. Ó kúnlẹ̀ nínú pálọ̀ àwọn tí kò mọ̀ rí, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́: òkun, oorun, irọ́. Ó ní, “Àbúrò mi kì í ṣe wèrè. Èmi ni mo sọ ọ́ di ẹni tó ń sáré.” Ìyá ìyàwó wò ó bí ẹni wo ẹja tó ti pẹ́ nílẹ̀. “Irú ẹ̀gbọ́n wo lẹ jẹ́?” ó béèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló mú ọmọ rẹ̀ kejì lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà.

Ìyẹn kò tún àárín wọn ṣe. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, Onídìrí ń wá lọ́jọ́ Àìkú, á ṣe irun Màmá, á kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí a ṣe ń kí aládùúgbò ilé kejì, á lọ. Tíṣà kò bẹ̀ ẹ́ kó yára. Ó mọ̀ pé egbò tó bá jìn, ìsàlẹ̀ ló ti ń san bọ̀ wá sókè.

Ẹ̀yin tí ẹ ní arúgbó nílé, ẹ gbọ́. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́. Bí wọ́n bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ tún un sọ. Ẹ sọ ọ́ títí tí ẹ̀rín á fi tán lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin tí wọ́n sì ń sọ ọ́ fún, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn táàmù mìíràn, Onídìrí wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kì í ṣe Àìkú. Ó jókòó sórí àga ilé ìdáná bí àpò ìrẹsì tí wọ́n jù sílẹ̀.

“Ó rẹ̀ mí,” ó ní. “Ní ṣọ́ọ̀bù, kí n dúró, dúró, dúró láti àárọ̀ dalẹ́. Ibi tẹ́ ẹ lọ yẹn, báwo ni wọ́n ṣe ń débẹ̀?”

Tíṣà júwe rẹ̀ fún un. Ó sọ fún un kó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú dáadáa. Wọn ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀.

Onídìrí lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tíṣà gbé Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìnkùlé, ó ń ká aṣọ lórí okùn.

“Èkejì yẹn dà,” Màmá béèrè, “èyí tí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ lórí?”

“Ó lọ sí etí òkun, Màmá. Ó lọ sinmi.”

“Ó rẹ̀ ẹ́?”

“Ó rẹ̀ ẹ́.”

Màmá mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ náà délé. “Á rẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ara ìyá wọn ò yá. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.” Ó wo Tíṣà, ó wò ó gan-an. “Ìwọ ńkọ́? Kò rẹ̀ ọ́?”

Aṣọ wà lọ́wọ́ Tíṣà. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

“Ó rẹ̀ mí, Màmá.”

Arúgbó náà ti ara rẹ̀ sápá kan bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ nu àyè tó kù.

“Wá jókòó,” ó ní.